Kí ni 0.0.0.0 ń wá lórí sáfà yín?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá alẹ́, àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún gbogbo ayé, fi screenshot kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun ẹ bá mi wo nǹkan yìí, ta ló ń jẹ́ 0.0.0.0 tó kún orí sáfà mi yìí? Mo wá a lórí Google, kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó ni ín. Àbí wọ́n ti wọlé sí mi lára ni?" Ẹ̀rù ń bà á gan-an, mo sì mọ ẹ̀rù yẹn torí ó ti bà mí rí. Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí, àwọn ètò tó ń dúró de àlejò lórí sáfà ẹ̀ ni, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni:

LISTEN   0.0.0.0:22       0.0.0.0:*
LISTEN   127.0.0.53:53    0.0.0.0:*
LISTEN   0.0.0.0:6379     0.0.0.0:*
LISTEN   127.0.0.1:3306   0.0.0.0:*
LISTEN   *:33060          *:*

Ẹ wò ó dáadáa. Apá ọ̀tún ló ń dẹ́rù bà á, ibi tí 0.0.0.0:* ti tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Apá ọ̀tún yẹn ò sì ní nǹkan kan nínú. Ohun tó ń sọ ò ju pé "mi ò tíì ní àlejò kankan, ibi yòówù kí àlejò ti wá, mo wà ńbí." Gbogbo ìlà tó bá ní LISTEN níwájú, ìyẹn "mò ń dẹtí", ló máa ń ní in tàbí *:* tó jẹ́ ohun kan náà, lórí sáfà tèmi, lórí sáfà tiyín, lórí tẹni tó mọ̀ ọ́n jù láyé pàápàá. Ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rù gan-an ni apá òsì, ìlà kẹta, 0.0.0.0:6379, ojú ẹ̀ sì ti fo ìyẹn kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo ti bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun kan náà ni, èyí tí ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan ni wọ́n ń sá fún, wọ́n á wá gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó lè jólé kọjá láì wẹ̀yìn. Ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àdírẹ́ẹ̀sì fúnra ẹ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà, fóònù, tẹlifíṣọ̀n tó bá máa bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, bí ilé ṣe máa ń ní ojúlé. Irú nọ́ńbà tó wọ́pọ̀ jù, ìyẹn IPv4, ọ̀nà mẹ́rin ló pín sí, ìkọ̀ọ̀kan wọn bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 255, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ wá jẹ́ 4,294,967,296. Ó jọ pé ó pọ̀ àmọ́ kò tó aráyé mọ́, èèyàn mélòó ló wà láyé, fóònù mélòó ló sì wà lọ́wọ́ wọn. Pẹ̀lú bí ò ṣe tó yẹn náà, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń pín. Àwọn kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àkànṣe, IANA, àwọn tó ń bójú tó nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn, lọ́dún 2013 ni wọ́n sì kó wọn pọ̀ sójú kan nínú ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní RFC 6890. Tí ẹ bá ti rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má wulẹ̀ wá ìlú ẹ̀ lórí Google, kò ní ìlú.

Nǹkan kejì ni pọ́ọ̀tù. Tí àdírẹ́ẹ̀sì bá jẹ́ ilé, pọ́ọ̀tù ni ilẹ̀kùn, nọ́ńbà wọn sì lọ dé 65535 lórí ilé kan ṣoṣo. Ilẹ̀kùn 22 ni SSH tí a máa ń gbà wọlé lọ ṣiṣẹ́, 80 àti 443 ni wẹ́ẹ̀bùsáìtì, 3306 ni MySQL, 5432 ni Postgres, 6379 ni Redis, dátábéèsì ni àwọn mẹ́ta yìí, ibi tí à ń kó dátà sí. Tí ètò kan bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí sáfà, á mú ilẹ̀kùn kan, á dúró síbẹ̀, á máa dẹtí ẹni tó máa kànkùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an wá nìyí o: ìhà ibo nínú ilé ló dúró sí tó ń dẹtí? Torí sáfà kan kì í ní àdírẹ́ẹ̀sì ẹyọ kan. Ó máa ń ní èyí tó ń lò nínú yàrá ara ẹ̀, ìyẹn 127.0.0.1, ó lè ní èyí tó fi ń bá àwọn sáfà mìíràn tí wọ́n jọ wà lágboolé sọ̀rọ̀, bíi 10.0.0.4, ó sì máa ní èyí tó kọjú sí títì tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ètò tó bá dẹtí sí 127.0.0.1, ẹni tó wà nínú yàrá nìkan ló lè kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Tó bá dẹtí sí 10.0.0.4, ará agboolé lè bá a sọ̀rọ̀. Tó bá wá dẹtí sí 0.0.0.0, ohun tó sọ ni pé "gbogbo ìhà tí ilé yìí bá ní, mo wà níbẹ̀," yàrá, agboolé, títì, gbogbo ẹ̀. Òdo mẹ́rin tí ẹ rí yẹn, ilẹ̀kùn tó ṣí sí gbogbo ìhà ni.

Mo mọ ìdí tó fi ń dà èèyàn láàmú, òdo lójú wa òfo ni, ẹ ò lè rí òdo kí ẹ rò pé "gbogbo" ló túmọ̀ sí. Nọ́ńbà yìí tún wá ń ṣe ju iṣẹ́ kan lọ. Nígbà tí fóònù yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ WiFi kan tí wọn ò tíì fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì, 0.0.0.0 ló máa ń kọ sí ipò orúkọ ara ẹ̀, bí ẹni tó ní "mi ò tíì lórúkọ," á wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí 255.255.255.255, ìyẹn ni ká pariwo sí gbogbo ẹni tó wà lágbo, pé ẹ̀yin ará ibí, ẹ fún mi ní nọ́ńbà. Ní ti fáyáwọ́ọ̀lù ẹ̀wẹ̀, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń sọ ẹni tó lè kan ilẹ̀kùn wo, tí ẹ bá rí 0.0.0.0/0, gbogbo ayé pátá ni, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Ẹ lọ wo fáyáwọ́ọ̀lù sáfà yín níbi tí ẹ ti ń yá a, tí ẹ bá rí ìlà kan tó ní 3306 lápá kan, 0.0.0.0/0 lápá kejì, gbogbo ayé lẹ fún láyè láti wá kan ilẹ̀kùn dátábéèsì yín, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ ń kánjú ni ẹ fi síbẹ̀, ẹ ní ẹ máa padà wá tún un ṣe.

127.0.0.1 ò le rárá. Èmi fúnra mi ni, inú ara mi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀ kì í jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà yín. Kì í sì í ṣe òun nìkan, gbogbo èyí tó bá ti fi 127 bẹ̀rẹ̀, láti 127.0.0.0 dé 127.255.255.255, nọ́ńbà tó lé ní mílíọ̀nù 16, ohun kan náà ni gbogbo wọn jẹ́, ìyẹn ló fi jẹ́ pé 127.0.0.53 tí àbúrò mi rí yẹn kì í ṣe àlejò, ètò kan nínú Ubuntu tó máa ń bá wa wá orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì ni, inú yàrá ló wà. Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí á ti fi link localhost:3000 (localhost ni orúkọ 127.0.0.1) ránṣẹ́ sí oníbàárà rí pé wẹ́ẹ̀bùsáìtì ti ṣetán, oníbàárà á ní òun ò rí nǹkan kan. Kò lè rí i, torí lórí fóònù tiẹ̀, localhost fóònù tiẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi wàyí, torí ọ̀rọ̀ Redis yìí ò jẹ́ kí n lè dákẹ́ tí mo bá ti rí 6379 lórí 0.0.0.0.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn mo ń bá oníbàárà kan tọ́jú sáfà. Mo fẹ́ fi Redis sí i, mo lo Docker, tó ń di ètò kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní container, mo kọ ọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́, -p 6379:6379, mo sì ti fi ufw, fáyáwọ́ọ̀lù inú Ubuntu, ti gbogbo ilẹ̀kùn yòókù àyàfi 22, 80 àti 443. Mo yẹ ufw wò, ó ní deny. Ọkàn mi balẹ̀, mo sùn. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta ni oníbàárà pè pé nǹkan ń falẹ̀, ọjà ò ṣeé rà lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì àwọn. Mo wọlé, mo tẹ top láti wo àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́, mo rí ètò kan lókè pátápátá tó ń jẹ́ kdevtmpfsi, ó ti gba CPU tán. Ẹ wo orúkọ yẹn, Linux ní ohun kan tó ń jẹ́ kdevtmpfs lóòótọ́, wọ́n kàn fi "i" kan sí i lẹ́yìn ni, kí ojú lè gbà á kọjá. Mo pa á, ó padà wá. Mo tún pa á, ó tún padà. Owó kírípítò ni wọ́n ń fi sáfà oníbàárà mi wà, iná tiwa, owó sáfà tiwa.

Ibo ni wọ́n gbà wọlé? Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé tí ẹ bá kọ -p 6379:6379, Docker á ṣí ilẹ̀kùn yẹn sórí 0.0.0.0, á sì fọwọ́ ara ẹ̀ kọ òfin tiẹ̀ sínú iptables, fáyáwọ́ọ̀lù Linux tí ufw fúnra ẹ̀ ń lò, òfin ufw ò ní débi tí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Ufw ò purọ́ fún mi, ilẹ̀kùn iwájú tì lóòótọ́, Docker ló dá ògiri ẹ̀gbẹ́ lu. Redis fúnra ẹ̀ sì ní ààbò kan tó ń jẹ́ protected mode láti version 3.2, ọdún 2016, tí kì í jẹ́ kí àjèjì bá a sọ̀rọ̀ tí ẹ ò bá tíì fún un ní pásíwọ́ọ̀dù, àmọ́ nínú image, ìyẹn ẹ̀dà Redis, tí wọ́n ṣe fún Docker, wọ́n ti pa ààbò yẹn, torí kí àwọn container lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nǹkan méjì tí mo gbọ́kàn lé, méjèèjì ò sí níbẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọbẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi la ògiri tèmi, nọ́ńbà kan tí mi ò kọ ló sì fà á. Tí mo bá kọ -p 127.0.0.1:6379:6379 ni, gbogbo nǹkan yẹn ò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ padà ka ìlà yẹn. Tí kò bá sí àdírẹ́ẹ̀sì níwájú, Docker á gbà pé 0.0.0.0 lẹ ní lọ́kàn.

Àwọn kan á ní "sáfà kékeré tèmi yìí, ta ló mọ̀ ọ́n, ta ló máa wá a débẹ̀?" Kò sẹ́ni tó ń wá yín ní pàtó, nọ́ńbà lásán ni wọ́n ń kà. Lọ́dún 2013 àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan gbé ètò kan jáde tó ń jẹ́ ZMap, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì tó já fáfá lè fi kan ilẹ̀kùn kan lórí gbogbo IPv4 tó wà láyé láàárín ìṣẹ́jú 45. Bílíọ̀nù mẹ́rin ilé, kẹ́ ẹ tó jẹun tán. Ìyẹn 2013 o. Torí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé sáfà dìde báyìí, wọ́n ti ń kànkùn, ẹ lọ wo log SSH yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn tó ti kànkùn.

Ohun tí mo sọ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí èèyàn tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà rí. Ní January 2017, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dátábéèsì MongoDB tó ṣí sí títì láìní pásíwọ́ọ̀dù ni wọ́n wọ̀, wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, wọ́n wá fi ìwé kékeré kan sílẹ̀ pé kí ẹni tó ni ín san bitcoin kó tó rí dátà ẹ̀ gbà padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì tọ́jú dátà yẹn rárá, wọ́n kàn pa á rẹ́ ni, ẹni tó sanwó náà ò rí nǹkan gbà. Àwọn tó ń ṣe MongoDB wá yí i padà ní version 3.6 nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ, pé localhost ni kó máa dẹtí sí tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ nǹkan mìíràn fún un. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí dátà èèyàn wà àti kó má sí mọ́ ò ju ìlà kan lọ nínú fáìlì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e náà, 28 February 2018, memcached, ètò kan tó ń tọ́jú dátà fúngbà díẹ̀, tó ṣí sílẹ̀ lórí sáfà àwọn ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n fi kọlu GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ ètò ń kó iṣẹ́ wọn sí, ìkọlù yẹn dé 1.35 terabit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tó ni sáfà wọ̀nyẹn ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn àwọn ni wọ́n ń gbà ju òkò.

Ká wá sọ̀rọ̀ agboolé. Láti 1996 ni RFC 1918 ti ya ọ̀nà mẹ́ta sọ́tọ̀ fún inú ilé: gbogbo èyí tó bá fi 10 bẹ̀rẹ̀, èyí tó wà láàárín 172.16 sí 172.31, àti gbogbo 192.168. Àwọn wọ̀nyí dà bíi nọ́ńbà yàrá. Yàrá 5 wà ní agboolé tiyín, ó wà ní agboolé tèmi, ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wà ní London, kò sẹ́ni tó lè fi "yàrá 5" nìkan fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti ìlú mìíràn. Rọ́tà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni mẹ́gáàdì, òun ló mọ ẹni tó jáde, òun ló ń fi nọ́ńbà ilé rọ́pò nọ́ńbà yàrá, tí èsì bá sì dé, òun ló mọ yàrá tó máa gbé e lọ. Torí náà tí ẹnì kan bá ń halẹ̀ mọ́ yín pé òun ti mọ IP yín, tó wá kọ 192.168.1.5, ẹ fọkàn balẹ̀, ìdajì fóònù àdúgbò lè máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nínú log sáfà, agboolé yìí máa ń tan èèyàn jẹ. Tí ẹ bá fi Docker gbé wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹ máa rí gbogbo àlejò pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, 172.17.0.1. Ẹnì kan pè mí pé ẹnìkan ń kọlu òun láti 172.17.0.1, ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín wákàtí kan, òun ti fẹ́ dí i pa. Mo ní má dán an wò o, afárá Docker tìẹ ni yẹn, gbogbo oníbàárà ẹ ló ń gba orí ẹ̀ kọjá, tó o bá dí i, gbogbo wọn lo tìlẹ̀kùn mọ́. Ohun tó yẹ ni kéèyàn ṣètò ẹ̀ kí àdírẹ́ẹ̀sì àlejò gan-an lè dé inú log, kó tó máa dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ọ̀kan tún wà tó kàn wá gan-an nílé, 100.64.0.0 dé 100.127.255.255. Lọ́dún 2012 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà wọn ò tó oníbàárà wọn. Wọ́n á fún fóònù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà inú ilé, gbogbo wọn á wá jọ máa gba nọ́ńbà ìta kan ṣoṣo jáde. Orí dátà fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà IP kan tí ẹ rí tó ń ṣi pásíwọ́ọ̀dù tẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín, ó lè jẹ́ ògbólógbòó olè kan pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún oníbàárà gidi lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ dí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má dí i títí láé. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí wẹ́ẹ̀bùsáìtì tó ń lé èèyàn wa dà nù torí pé ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń lo nọ́ńbà kan ló ṣẹ̀.

Kí ẹ má sì wá rò pé nǹkan tó bá ti wà lórí 10 tàbí 192.168 ò nílò pásíwọ́ọ̀dù o. Agboolé kì í ṣe yàrá. Tí kòkòrò bá wọ inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ọ́fíìsì, inú agboolé ló ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, mẹ́gáàdì ò lè dá a dúró mọ́.

Ó ku 169.254. Tí ẹ bá rí i lórí láptọ́ọ̀pù yín, ó túmọ̀ sí pé láptọ́ọ̀pù yín bèèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ rọ́tà, kò rẹ́ni dá a lóhùn, ló bá sọ ara ẹ̀ lórúkọ. Ẹ pa rọ́tà ẹ tún un tàn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń tán síbẹ̀. Àmọ́ ẹyọ kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí, 169.254.169.254. Lórí sáfà tí à ń yá lọ́wọ́ Amazon, Google àti Azure ti Microsoft, ibẹ̀ ni sáfà ti máa ń bèèrè nǹkan nípa ara ẹ̀: kí lorúkọ mi, ibo ni mo wà, kọ́kọ́rọ́ wo ni wọ́n ní kí n máa lò. Bẹ́ẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́. Láti ìta, kò sẹ́ni tó lè débẹ̀, inú sáfà nìkan ni wọ́n ti lè bèèrè.

Kí wá ni ewu ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ní ẹ kọ ètò kan tó ń jẹ́ kí oníbàárà fi link fọ́tò ẹ̀ sílẹ̀, sáfà yín á wá lọ gbé fọ́tò yẹn wá. Ẹnì kan wá, kò fi link fọ́tò síbẹ̀, ó kọ http://169.254.169.254/ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Sáfà yín ò mọ̀ pé fọ́tò kọ́, ó dìde, ó lọ, ó gbé kọ́kọ́rọ́ wá, ó kó o lé àjèjì lọ́wọ́. Àjèjì ò lè wọ yàrá bàbá, ọmọ ilé ló rán. Àwọn àgbà ní tí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, ohun tí sáfà ò sì mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn àfi tí ẹ bá kọ́ ọ: kó tó lọ síbi tí wọ́n rán an, kó kọ́kọ́ wo àdírẹ́ẹ̀sì tí orúkọ yẹn já sí, tó bá jẹ́ 127, 10, 172.16 sí 172.31, 192.168, 169.254 tàbí 0.0.0.0, kó má lọ. Ẹ jẹ́ kó wo àdírẹ́ẹ̀sì o, kì í ṣe orúkọ nìkan, torí ẹnikẹ́ni lè ra orúkọ kan kó sì jẹ́ kó tọ́ka sí 127.0.0.1.

Ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà ní báńkì Capital One ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019. Ètò ààbò kan tí wọn ò tò dáadáa ni ẹni yẹn rán níṣẹ́ lọ sí 169.254.169.254, ó fi kọ́kọ́rọ́ tó rí níbẹ̀ kó dátà nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 èèyàn ní Amẹ́ríkà àti nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 ní Kánádà. Ní November ọdún yẹn ni Amazon gbé IMDSv2, ẹ̀yà tuntun ibi ìbéèrè yẹn, jáde, tó jẹ́ pé sáfà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àmì kan kó tó lè bèèrè nǹkan kan, ìránṣẹ́ tí wọ́n kàn tàn jẹ kì í sábà lè gba àmì yẹn. Tí ẹ bá ní sáfà lórí Amazon tó ti pẹ́, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí wọ́n kọ HttpTokens sí, required ló yẹ kó wà níbẹ̀, optional ò tó.

0.0.0.0 náà ní irú ẹ̀. Lórí Linux àti Mac, tí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà lọ sí 0.0.0.0, inú ara ẹ̀ ló máa lọ, bíi pé ẹ ní 127.0.0.1. Ní August 2024 iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan, Oligo Security, fi hàn pé búráúsà ti ń dí ọ̀nà kan tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ìta fi ń bá ètò inú kọ̀ǹpútà yín sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò rántí dí 0.0.0.0. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí ẹ kàn ṣí lè máa bá ètò tí ẹ ń dán wò lórí láptọ́ọ̀pù yín sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, torí ẹ rò pé localhost ni, ẹ ò fún un ní pásíwọ́ọ̀dù. Windows nìkan ni ò kàn. Ẹ máa jẹ́ kí búráúsà yín gba update.

Ti IPv6 náà, irú nọ́ńbà tuntun tó gùn ju IPv4 lọ, kíákíá: ::1 ni 127.0.0.1 tiẹ̀, :: ni 0.0.0.0 tiẹ̀, fe80 sì ni 169.254 tiẹ̀. Tí ẹ bá rí [::]:6379 lápá òsì, ẹ má wò ó bíi pé àmì lásán ni, ilẹ̀kùn tó ṣí sí gbogbo ìhà náà ni. Mo ti rí ẹni tó fi fáyáwọ́ọ̀lù dí IPv4 dáadáa tí kò rántí IPv6 rárá.

Ohun tí mo ní kí àbúrò mi ṣe lóru yẹn: kó tẹ sudo ss -tlnp, àṣẹ tó ń to àwọn ilẹ̀kùn tó ṣí, kó fọwọ́ bo apá ọ̀tún, kó ka apá òsì nìkan. Gbogbo 0.0.0.0, [::] àti àmì ìràwọ̀ tó bá rí níbẹ̀, kó bi ara ẹ̀ pé ṣé mo fẹ́ kí ẹni tí mi ò mọ̀ rí ní òdìkejì ayé kan ilẹ̀kùn yìí? Fún 80 àti 443, bẹ́ẹ̀ ni, ìdí tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì fi wà nìyẹn. Fún 22, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ SSH ni kó máa lò, kó pa pásíwọ́ọ̀dù. Fún dátábéèsì, rárá. Tó bá fẹ́ máa wo dátábéèsì látorí láptọ́ọ̀pù ẹ̀, kó gba inú SSH lọ, ssh -L 3307:127.0.0.1:3306 pẹ̀lú orúkọ sáfà ẹ̀, á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó sínú yàrá, ẹnikẹ́ni lóde ò ní mọ̀. Kó wá bọ́ síta lọ yẹ ilẹ̀kùn wò, torí ẹni tó wà nínú ilé kì í mọ ohun tí ará títì ń rí, kó pa WiFi, kó tan dátà fóònù, kó tẹ nc -zv, IP sáfà, 6379, àṣẹ tó ń kan ilẹ̀kùn wò. Tó bá ní succeeded, ó ṣì ṣí.

Ó ṣe é. Aago kan ti kọjá nígbà tí screenshot kejì dé, ìlà kẹta ti di 127.0.0.1:6379, 0.0.0.0:* ṣì wà lápá ọ̀tún bó ṣe wà, kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ mọ́. Ó wá ní "Ẹ̀gbọ́n, 33060 tó ní ìràwọ̀ níwájú yìí wá ńkọ́? Mo ti fi bind-address há MySQL mọ́ 127.0.0.1, kí ló dé tó tún wà níta?" Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn débi pé mo dìde jókòó. Ilẹ̀kùn kejì tí MySQL 8 máa ń ṣí ni, X Protocol ni wọ́n ń pè é, ó sì ní ìlà tiẹ̀ lọ́tọ̀ nínú fáìlì, mysqlx-bind-address, ìlà yẹn ló máa lọ fi 127.0.0.1 sí, tí kò bá sì lò ó rárá, kó kọ mysqlx=0 kó tún MySQL tàn.